Omi Tó Kọ̀ Tí Kò Gbẹ

Lọ́jọ́ tí Tíṣà kọ́kọ́ kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì, ó kọ ọ́ sójú pátákó pé ohunkóhun tó bá ń gba ààyè, tó sì ní ìwúwo, ohun gidi ni. Ó ní òkúta ń gba ààyè, omi ń gba ààyè, afẹ́fẹ́ tí a kò fojú rí pàápàá ń gba ààyè. Kò tíì gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ tí Onídìrí fi nawọ́ sókè.

"Tíṣà, ọkọ mi ńkọ́? Àga mẹ́ta ló ń gbà ní pálọ̀, ó sì wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì."

Tíṣà rò ó díẹ̀. "Ohun gidi ni ọkọ yín, Ma."

"Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi kọ ìyẹn sórí ìwé. Ìyá mi ò gbà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mú un wálé."

Ọ̀gá Jórinjórin, ẹni tó ń jó irin pọ̀ ní oríta, ní ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yẹn, òun ni kí wọ́n bi. Ó ní ẹni tó bá rò pé afẹ́fẹ́ ò wúwo, kó gbé sílíńdà gáàsì òun gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́ẹ̀kan péré, kó wá padà wá sọ ohun tó rí.

Bí kíláàsì wa ṣe rí nìyẹn. Àgbàlagbà mẹ́sàn-án ni wá. Bí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ti lọ tán, tó di aago mẹ́rin, àwa la máa wá jókòó sórí àga wọn, orúnkún wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wa, a ó sì kẹ́kọ̀ọ́ títí di aago mẹ́fà. Tíṣà kò ju ọmọ mi kejì lọ. Ó ń pè wá ní Ma àti Sà, àmọ́ bí a bá ṣi nǹkan kọ, kì í wo ti ewú orí wa. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni la fi ń pe ara wa níbẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ ni tèmi, torí ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn.

Iṣẹ́ yẹn náà ló gbé mi dé ìdí sáyẹ́ǹsì. Bàbá tó jẹ́ olórí ilé ìfọṣọ wa máa fẹ̀yìn tì ní ìparí oṣù. Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí jù. Àmọ́ òfin ní olórí gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí kíláàsì mẹ́fà. Bí o bá mú un wá kí oṣù tó parí, ìwọ ni. Bí o ò bá mú un wá, wọ́n á fi ẹlòmíràn ránṣẹ́ láti ìta." Mo mọ irú ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Méjì ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ rí, èmi ni mo kọ́ àwọn méjèèjì ní bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ, kí wọ́n tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún mi. N kò lágbára ẹ̀kẹta.

Mo ti yege nínú ìwé kíkà àti ìṣirò. Sáyẹ́ǹsì nìkan ló kù, mo ti ṣe ìdajì rẹ̀, ìdajì kejì sì ni àyẹ̀wò kan tí Alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ máa wá fojú rí ní Sátidé. Bó bá fọwọ́ sí i, mo ti di olórí. Bí kò bá fọwọ́ sí i, mo tún di ọmọ iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Àyẹ̀wò náà kò le. Tíṣà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ife jígí méjì tí wọ́n fa ìlà sí lára. Ó ní kí a bu omi dé ojú ìlà ọgọ́rùn-ún nínú méjèèjì, kí a fi ìdérí dé ọ̀kan, kí a ṣí èkejì sílẹ̀, kí a gbé wọn sí ojú fèrèsé. Lójoojúmọ́ ni a ó máa wo ibi tí omi wà, a ó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó ní kí ẹnì kan dìde, kó dá àbá nípa ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀.

Èmi ni mo dìde. Mo ní, "Èyí tí a ṣí sílẹ̀ máa dín kù. Èyí tí a dé kò ní dín kù. Aṣọ tútù tí a ká sínú ọ̀rá, bó lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, á kàn máa rùn ni. Èyí tí a sá sórí okùn ló ń gbẹ, torí omi ara rẹ̀ rí ọ̀nà bá afẹ́fẹ́ lọ. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń rí i."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Jórinjórin ní, "Ìyá Alágbàfọ̀ ti gba máàkì kí ìdánwò tó dé."

"Àbá nìyẹn," ni Tíṣà wí. "Ó dára gan-an, àmọ́ àbá kì í ṣe ìdáhùn. Ohun tí ojú yín bá rí ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ohun tí ọkàn yín ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ rí i pé omi ń jó, ẹ kọ ọ́ pé ó ń jó. N kò ní bá yín wo ife. Sátidé ni èmi àti Alábẹ̀wò máa jọ rí ìwé yín."

Ọjọ́ Ajé la gbé ife sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú fèrèsé mi, mo fojú mi bá omi dọ́gba bí Tíṣà ṣe kọ́ wa. Èyí tó ní ìdérí wà ní ọgọ́rùn-ún. Èyí tí kò ní ìdérí náà wà ní ọgọ́rùn-ún. Mo nu ojú mi, mo tún wò ó. Omi náà jókòó sójú ìlà bí ìgbà tí wọ́n bá fi sísọ́ọ̀sì gé e. Mo ní bóyá ọjọ́ kan ti kéré jù.

Ìgbà náà ni Ọ̀gá Jórinjórin, tó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wa, tó fi ara bo ife rẹ̀ bí ẹni tó ń dá jẹun, sọ̀rọ̀ sókè pé, "Tèmi ti bọ́ sí ọgọ́rin."

Onídìrí wo ife tirẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn Ọ̀gá Jórinjórin. Ó wo àjà. "Tèmi ti di mọ́kàndínlọ́gọ́rin," ló wí.

Lẹ́yìn èyí, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti ẹnu dé ẹnu. Ẹnì kan ní tòun di àádọ́rùn-ún, ẹlòmíràn ní tòun di márùndínláàádọ́rùn-ún. Gbogbo omi kíláàsì ló ń gbẹ, tèmi nìkan ni kò gbẹ, èmi tí mo jẹ́ pé gbígbẹ ni iṣẹ́ mi. Mo kọ ọgọ́rùn-ún.

Ní ọjọ́rú, Onídìrí rọra sún mọ́ mi. "Ìyá, tiyín ńkọ́?"

"Ọgọ́rùn-ún."

"Ti àná nìyẹn."

"Ti àná ni. Ti òní náà ni."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ìyá, ẹ má bínú o. Aṣọ àwọn aláìsàn yẹn, ṣé ó ń gbẹ ṣá? Àbí ńṣe lẹ kàn máa ń tẹ́ ẹ fún wọn bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀gá Jórinjórin gbọ́. Ó ní, "Omi ti mọ̀ wọ́n ni. Wọ́n ti fi ìyà jẹ ẹ́ pẹ́ jù. Wọ́n lù ú, wọ́n fún un, wọ́n sá a sóòrùn. Ó wá rí wọn lónìí, ó ní kí wọ́n pa òun, òun ò ní gbẹ."

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, torí pé ọ̀rọ̀ náà dùn. Àmọ́ ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù.

Nílé, mo ń lọ aṣọ ilé ìwé ọmọ mi obìnrin, àbígbẹ̀yìn, ẹni tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sára ògiri. Mo sọ ohun tí ojú mi ń rí fún un.

"Màmá, èyí wà nínú ìwé wa," ló wí. "Ìdáhùn ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọjọ́ kìíní, ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ kejì, àádọ́rùn-ún. Ọjọ́ kẹta, ọgọ́rin. Ẹ kàn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Mo ti wo ife náà. Kò sí ọgọ́rin níbẹ̀."

"Ife yẹn kọ́ ló máa fún yín ní máàkì, Màmá. Alábẹ̀wò ni."

Bàbá wọn, tó ń tún bàtà rẹ̀ rán nídìí ilẹ̀kùn, kò gbójú sókè. "Gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ ń sọ. Kọ ọgọ́rin, kí ẹlòmíràn má bàa wá jókòó lé ọ lórí."

Mo gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Mo mú ìwé mi, mo mú pẹ́ńsù, mo ṣe òdo òkè ẹẹ́jọ. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi dúró sí. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni àwọn àpò aṣọ tí a máa ń gbé lọ sí yàrá àwọn aláìsàn. Bí mo bá ka aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tí mo rí mẹ́tàdínlógún, tí ìwé sì ní ó yẹ kó jẹ́ ogún, tí mo wá kọ ogún kí n lè tètè lọ sílé, aláìsàn mẹ́ta ló máa sùn sórí fóòmù lásán. Fóòmù yẹn kò ní mọ̀ pé mo ti kọ ogún. Mo pa òdo náà rẹ́. Ìwé mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu.

"Màmá le," ni ọmọ mi wí fún bàbá rẹ̀.

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni," ni bàbá rẹ̀ fi dá a lóhùn.

Ní ọjọ́bọ̀, omi wà ní ọgọ́rùn-ún. Tí n bá ní ẹ̀rù kò bà mí, irọ́ ni. Àmọ́ mo jókòó, mo rò ó bí Tíṣà ṣe ní ká máa rò ó. Mo ní, ọ̀nà méjì ló wà. Yálà omi yìí kò lọ síbì kankan, tàbí kó jẹ́ pé ó ń lọ, tí nǹkan kan sì ń dá a padà. Bó bá jẹ́ pé kò lọ síbì kankan, á jẹ́ pé gbogbo okùn aṣọ tí mo ti sá láyé mi, àlá ni. Bó bá jẹ́ pé nǹkan kan ń dá a padà, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Báwo ni n óò ṣe mọ̀ ọ́n? N kò lè dúró ti ife láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo níṣẹ́ tí mò ń ṣe.

Ó wá sí mi lọ́kàn pé ọṣẹ kì í dá hó. Ẹ bu omi ọṣẹ sílẹ̀, kí ẹ má fọwọ́ kàn án, títí ọ̀la kò ní hó. Ó dìgbà tí ẹnì kan bá rú u, tàbí tó da omi lé e lórí. Kò sí alágbàfọ̀ tí kò mọ èyí, a kàn máa ń mọ̀ ọ́n lásán ni.

Mo tọrọ ife kẹta lọ́wọ́ Tíṣà. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní mo ní àbá mìíràn. Ojú rẹ̀ tàn, ó fún mi, kò bi mí ní ìkejì. Mo bu omi sí i dé ọgọ́rùn-ún, mo kán ọṣẹ olómi sí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo fi ìka kó gbogbo ìfófó orí rẹ̀ kúrò títí ojú omi fi mọ́ kedere, mo gbé e ti àwọn méjì tó kù.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo dé, mo bẹ̀rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ni. Ṣùgbọ́n ìfófó wà lójú omi ọṣẹ. Kò pọ̀, ó kàn tò yí etí ife ká, kéékèèké, bí ẹyin ẹja. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: "Ọgọ́rùn-ún. Ó hó." Lẹ́yìn náà mo lọ bá Ọ̀gá Jórinjórin, torí òun ni mo fura sí.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ń bu omi sínú ife mi."

Ó wò mí tìyanu tìyanu. "Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe, Ìyá?"

"Kí n lè kùnà, kí ẹ rí mi fi ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ìyá, mò ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ láì bu omi kankan. Kí n tún wá ra ìyà mọ́ ọn?"

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n wo ife tiyín."

Kíá ló fi ara bò ó. "Àyẹ̀wò mi jẹ́ àṣírí."

"Ṣé ó ti di ogún báyìí?"

"Ogún ni. Lọ́la, ó máa gbẹ táútáú." Nígbà tó ń sọ ọ́, kò wo ojú mi. Onídìrí, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ń yára kọ nǹkan sínú ìwé tirẹ̀.

Sátidé, aago mẹ́sàn-án ni Alábẹ̀wò máa dé. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́, mo ti wà ní ẹnu ilẹ̀kùn kíláàsì kó tó di aago méje ààbọ̀. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Bàbá Pérépéré wà nínú ibẹ̀.

Bàbá yìí ló ń ṣọ́ ilé ìwé náà. Òun ló ń ṣí i, tó ń tì í, tó sì ń gbá kíláàsì lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá lọ, kí àwa tó wọlé. Kó tó di ìgbà náà, ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ní ilé iṣẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìdí ibi tí ìgò ti ń kọjá ló máa ń dúró sí. Ìgò tí ohun inú rẹ̀ kò bá dé ojú ìlà, òun ló ń yọ ọ́ sọ́tọ̀, tó ń fi kún un. "Pérépéré" ni gbólóhùn tó bá a kúrò níbẹ̀. Bó bá gbálẹ̀ tán, á ní ó mọ́ pérépéré. Bí a bá kí i pé ṣé àlàáfíà ni, á ní pérépéré ni.

Láàárọ̀ yẹn, ó mú kẹ́tùlù lọ́wọ́ òsì, ó mú síbí lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú fèrèsé mi, ó fi ojú kan bá omi dọ́gba ju bí Tíṣà ṣe kọ́ wa lọ. Ó rọra kán omi sínú ife tí kò ní ìdérí.

Mo wọ inú kíláàsì. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Ìyá Alágbàfọ̀, o jí dé." Kò yí ojú padà. "Dúró ná. Ó ku bíńtín. Hẹn, ó ti pé."

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń tún un ṣe ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fa ìlà, ẹ sì ń jẹ́ kó lọ sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá wá gbálẹ̀ ni mò ń rí i. Mo ní àwọn èèyàn yìí ti dàgbà, ojú wọn ò dá mọ́, wọn ò lè rí i."

"Ti gbogbo wa?"

"Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ta ni mo fẹ́ ṣe ojúsàájú fún? Àwọn tó ní ìdérí kì í dà mí láàmú, wọ́n máa ń pé. Àwọn tó ṣí sílẹ̀ yìí ni aláìgbọràn." Ó fi síbí tọ́ka sí ife kẹta mi. "Kódà ọ̀kan wà níbẹ̀ tí omi rẹ̀ dọ̀tí. Mo fẹ́ dà á nù. Àmọ́ mo rí i pé ó ní ìlà, mo bá fi omi kún òun náà."

Mo jókòó sórí àga ọmọdé tó sún mọ́ mi. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Á jẹ́ pé omi ẹnikẹ́ni kò lọ sílẹ̀ rí. Gbogbo ọgọ́rin, gbogbo ọgọ́ta, inú orí ni wọ́n ti gbẹ.

Mo bi í pé, "Bàbá, ẹ ò bi Tíṣà?"

"Ṣé a máa ń bi ẹnikẹ́ni ká tó fi kún ìgò?" ló wí. Ó lọ sí fèrèsé Ọ̀gá Jórinjórin.

Ká ní mo gbọ́n ọgbọ́n ayé, ǹ bá ti sáré kìlọ̀ fún àwọn yòókù. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi máa dé ní aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀, Tíṣà àti Alábẹ̀wò ti ń tẹ̀lé wọn bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n yára kọ ti Sátidé sínú ìwé wọn, láìwo fèrèsé. Alábẹ̀wò jẹ́ obìnrin tó ga, tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó kí wa, ó gba ìwé Ọ̀gá Jórinjórin, ó kà á sókè.

"Ọgọ́rin, ọgọ́ta, ogójì, ogún, òdo. Omi náà gbẹ tán lónìí, Sà?"

"Táútáú, Ma. Ìsàlẹ̀ ife ń dún bí ẹ bá fọwọ́ kàn án."

"Ẹ fi ife náà hàn mí."

Gbogbo wa la yíjú sí fèrèsé tirẹ̀, tó wà ní kọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Omi kún ibẹ̀ dé ọgọ́rùn-ún, ó ń tàn yinrin. Ọ̀gá Jórinjórin wò ó pẹ́. Ó wá ní, "Ó ti padà."

Alábẹ̀wò kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé Onídìrí. "Mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Mọ́kàndínlógójì. Mọ́kàndínlógún." Ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè. "Èyí tẹ́ ẹ kọ lónìí, Ma. Ó ní òdo dín oókan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ma."

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Ó gbẹ kọjá gbígbẹ, Ma," ni Onídìrí wí, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀.

Tíṣà ti fi ọwọ́ bo ojú. Alábẹ̀wò ń gba ìwé kiri, ó ń wo ife, ó ń gbé ìwé sílẹ̀. Ìwé mẹ́jọ ló gbé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kan èmi, mo na ìwé mi sí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ife mi, ó tún dìde.

"Ọgọ́rùn-ún lójoojúmọ́. Ìwé yín àti ife yín bára mu. Tiyín nìkan ló bára mu. Àmọ́ Ma, ìwé sáyẹ́ǹsì ní ó yẹ kí omi yìí dín kù."

"Mo mọ̀, Ma. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì."

"Kí ló dé tí ẹ kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Kò dín kù lójú mi, Ma."

"Kí wá ni 'Ó hó'?"

Mo ṣàlàyé ọṣẹ fún un, pé kì í dá hó. Mo ní láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti mọ̀ pé ẹnì kan ń fi omi kún un, n kò kàn mọ ẹni náà ni. Mo ní àárọ̀ yìí ni mo tó fojú kàn án. Mi ò fẹ́ dárúkọ Bàbá, kí wọ́n má bàa lé e níṣẹ́. Àmọ́ Bàbá ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sì rò pé wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa yìn.

"Èmi ni, Ma," ló wí. "Pérépéré ni mo ṣe é."

Alábẹ̀wò wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ba àyẹ̀wò èèyàn mẹ́sàn-án jẹ́, Bàbá?"

Ojú Bàbá kọ́rẹ́ lọ́wọ́. "Bà á jẹ́ kẹ̀? N kò dà á kọjá ìlà rí. Ẹ wo àkọsílẹ̀ mi." Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa páálí kan jáde. Ní ilé iṣẹ́ tó ti wá, ẹni tó bá fi kún ìgò gbọ́dọ̀ fa igi sílẹ̀ fún ohun tó fi kún un. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì fi àṣà yẹn sílẹ̀. Ó ti pín páálí náà sí ọ̀nà mẹ́sàn-án, fèrèsé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Gbogbo síbí omi tó bu, ó fa igi kan fún un.

Alábẹ̀wò gba páálí náà. Ó wá fèrèsé mi níbẹ̀, ó wo abẹ́ ife tó ṣí sílẹ̀. Igi méjì fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun, méjì fún ọjọ́rú, méjì, méjì, ọ̀kan fún òní. Lábẹ́ ife tó ní ìdérí, kò sí igi kankan; ti ife ọṣẹ wà lọ́tọ̀.

"Tíṣà," ló wí, "ẹ wọn síbí yẹn."

Tíṣà bu omi síbí kan sínú ife tó ṣófo. Ìlà márùn-ún ló dé.

Ìgbà yẹn ni mo rí i. Mo ń ka igi náà lójú, mo ń ṣírò rẹ̀ lórí. Síbí mẹ́sàn-án, ìlà márùn-ún-márùn-ún, márùndínláàádọ́ta nìyẹn. Iye tí Bàbá fi kún un ni iye tó ti lọ. Ẹni tó ba àyẹ̀wò wa jẹ́ ló bá wa ṣe é.

"Kí ni ẹ rí níbẹ̀, Ma?" ni Alábẹ̀wò bi mí. Kò gbójú kúrò lára mi.

"Omi tí kò ní ìdérí ń lọ, Ma. Bí kò bá sí Bàbá, ojú ìlà márùndínlọ́gọ́ta ni ì bá wà lónìí. Èyí tó ní ìdérí kò lọ síbì kankan."

"Ti òní ńkọ́? Kí ló dé tó fi jẹ́ síbí kan, tí àwọn yòókù jẹ́ méjì?"

"Wákàtí rẹ̀ kò pé, Ma. Láti ìrọ̀lẹ́ àná sí àárọ̀ yìí ni. Oòrùn kò sì sí níbẹ̀. Aṣọ náà kì í gbẹ dáadáa nírú àkókò yẹn."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ rí i pé omi yẹn ń lọ?"

Ó wù mí kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù láàárín èmi àti ilé ìfọṣọ. "Rárá, Ma. Bàbá ló rí i. Ohun tí èmi rí ni ọgọ́rùn-ún."

Ó jókòó sórí àga ọmọdé, orúnkún tirẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó kọ̀wé, ó kọ̀wé. Ó wá fọwọ́ sí ìwé mi, ó fi sí i pé mo yege. Ó yí sí àwọn yòókù, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò náà lákọ̀tun, òun máa padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ Bàbá kò kan òun, àmọ́ kí wọ́n fi páálí yẹn kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń ṣe àkọsílẹ̀.

Bó ṣe jáde tán, Ọ̀gá Jórinjórin lọ bá Bàbá, ó fa aṣọ rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má ràn wá lọ́wọ́."

"Kí n máa wò ó kó máa lọ sílẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Láti ọgọ́rùn-ún?"

"Ẹ ṣàánú wa."

Bàbá mirí. Ó ní ara òun kò ní gbà á. Ó ní òun máa gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, òun máa lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun, kí ẹlòmíràn wá gbálẹ̀. Onídìrí ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó fi páálí sílẹ̀ fún òun, òun fẹ́ wo iye tó yẹ kí tòun jẹ́. Tíṣà gba páálí náà, ó fi sínú àpò ara rẹ̀.

Èmi kò dúró gbọ́ ìyókù. Mo gba ilé ìwòsàn lọ, torí Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì kì í pẹ́ níbi iṣẹ́ ní Sátidé. Ó ti wọ bàtà tó máa wọ̀ lọ sílé. Ó ka ìwé náà lórí ìdúró, pẹ̀lú ohun tí Alábẹ̀wò kọ sí i.

"Ìwọ nìkan ló yege nínú kíláàsì yín?"

"Fún ìsinsìnyí, Ma."

"Kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe?"

"Wọ́n ní ká wo omi fún ọjọ́ márùn-ún."

"Kí wá ni omi náà ṣe?"

Mo rò ó dáadáa kí n tó dáhùn. "Kò ṣe nǹkan kan, Ma."

Ó wo ìwé, ó wò mí, ó tún wo ìwé. Lẹ́yìn náà ó ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó sì na kọ́kọ́rọ́ ilé ìfọṣọ sí mi.